Àáké Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìpàgọ́: Ohun Tí Fáìlì Lè Tún Ṣe

Ẹni tó bá ń wá àáké tí yóò gbé lọ sí ìpàgọ́ ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà yóò bá oríṣi méjì pàdé lórí àtẹ. Owó ọ̀kan ń dẹ́rù bani: Sweden ni wọ́n ti rọ ọ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ wà lára irin rẹ̀, awọ ni àkọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú débi tó lè fá irun apá. Èkejì kò tó ìdajì owó yẹn, nígbà mìíràn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n fi fáníìṣì pa èèkù rẹ̀ títí ó fi ń dán, ẹnu rẹ̀ sì nípọn, kò mú. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún olùrajà ni pé kó fara da ọ̀wọ́n, kó ra èyí tó dára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì sinmi. Ìmọ̀ràn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Apá tó pọ̀ jù nínú owó àáké ọ̀wọ́n, iṣẹ́ àṣekágbá ni wọ́n ń gbà á lé lórí: pípọ́n, dídán, kíki èèkù bọ ihò bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ní fáìlì kan àti òkúta ìpọ́nbẹ kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ohun tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò pọ̀, àwọn ohun díẹ̀ yẹn ló sì yẹ kó yẹ̀ wò fínnífínní kó tó sanwó.

Gränsfors Bruk ni àwọn tó fẹ́ràn ìgbé ayé inú igbó máa ń tọ́ka sí jù tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àáké ọ̀wọ́n. Ọdún 1902 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àgbègbè Hälsingland ní Sweden. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Gabriel Brånby gbà á, ó yí ọ̀nà iṣẹ́ wọn padà: wọn kò kun orí àáké lọ́dà mọ́, alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ rọ ọ́ dáadáa débi pé kò sí àléébù tí ọ̀dà yóò bò, kó sì tẹ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: irin oní-kábọ̀nù tí wọ́n fi òòlù ńlá ẹ̀rọ rọ, àti èèkù igi hickory tí wọ́n ń kó láti Amẹ́ríkà wá. Igi hickory yẹn kan náà ni Council Tool fi ń ṣe èèkù tirẹ̀. Láti 1886 ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti wà, ìlú Lake Waccamaw ní North Carolina ni ibùjókòó rẹ̀, ó sì ń ta àáké iṣẹ́ lásán ní owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń ṣe oríṣi kan tí wọ́n pè ní Velvicut, tó wọ́n ju àáké iṣẹ́ wọn lọ fíìfíì. Irin Velvicut sunwọ̀n díẹ̀ sí i lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí nígbà tí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni pé ẹnìkan jókòó ti ọ̀kan pẹ́, ó pọ́n ọn, ó dán an, ó yan igi tó gún fún un, kò sì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Àkókò ẹni yẹn ni olùrajà ń san.

Kí a tó dé orí irin, ó yẹ ká mọ ohun tí a fẹ́ fi àáké náà ṣe, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Iṣẹ́ àáké nínú ìpàgọ́ kò pọ̀: kó gé igi gbígbẹ tí kò nípọn ju itan lọ, kó là á, kó já ẹ̀ka kúrò lára rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè gbá èèkàn àgọ́ wọlẹ̀. Nínú igbó ilẹ̀ òtútù, ní Sweden, ní Kánádà tàbí ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, lílà ló ṣe pàtàkì jù. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo igi tó wà nílẹ̀ á ti rin, ṣùgbọ́n inú igi tó kú lórí ìdúró ṣì gbẹ. Ẹni tó bá lè là á ni yóò rí iná dá. Ìdí nìyí tí Mors Kochanski, ará Kánádà tó kọ ìwé Northern Bushcraft, fi ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún àáké. Fún irú iṣẹ́ yìí, orí tó wúwo tó 0.7 sí 0.9 kg, lórí èèkù tó gùn tó 50 sí 65 cm, ló tọ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó kéré, tí èèkù rẹ̀ kò ju 35 cm lọ, ló máa ń dínwó jù, òun náà ló sì máa ń fa ẹni tó ń ṣọ́ owó ná mọ́ra. Ẹ ṣọ́ra fún un. Bí àáké kúkúrú bá tàsé, tàbí tó ta kúrò lára igi, orúnkún tàbí ojúgun ẹni tó dì í mú ló sábà máa ń gbà lọ, nígbà tí èyí tó gùn máa ń kan ilẹ̀ kó tó kan ẹsẹ̀. Ẹni tí kékeré nìkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó gbé igi lé orí kùkùté kó tó gé e, ohun tí ẹni tó ti rẹ̀, tí òtútù sì ń mú, kì í fẹ́ ṣe. Ìwọ̀nba owó tí èèkù gígùn bá fi kún iye àáké, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án.

Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù lára àáké olówó pọ́ọ́kú ni ẹnu tó nípọn. Pípọ́n ń gba àkókò, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà rẹ̀ lówó kékeré kò sì ní àkókò yẹn láti fi ṣòfò lórí ẹyọ kan. Ẹnu bẹ́ẹ̀ máa ń ta padà lára igi ni, kì í wọlé, olówó rẹ̀ á sì rò pé irin tí òun rà ni kò dára. Irin lè wà ní pípé kó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ há orí àáké mọ́ tábìlì, kí ẹ fi fáìlì fá irin kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti nǹkan bíi 2 cm sẹ́yìn ẹnu, títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ wá síwájú, tí wọ́n á sì pàdé ní igun tó wà láàárín dìgírì 25 sí 30. Kí ẹ̀gbẹ́ náà wú díẹ̀, kó má tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó wú máa ń ya igi sọ́tọ̀, kì í jẹ́ kí àáké há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn fáìlì, òkúta ìpọ́nbẹ ni yóò parí iṣẹ́. Fáìlì ọwọ́ ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin. Ẹ̀rọ yẹn yára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹnu gbóná kíákíá. Bí irin bá fi lè gbóná dé nǹkan bíi dìgírì 300 Selsiọsi, tí àwọ̀ rẹ̀ di búlúù, ibẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn, kò sì sí òkúta tí yóò dá líle rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àáké tó dára ni wọ́n ti fi ìkánjú bà jẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tó tẹ̀wọ̀n jù fún mi lórí ọ̀rọ̀ fáìlì yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àáké jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní 1964, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dáàbò bo àwọn igbó kan tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò tíì tún ṣe, òfin náà kò sì fàyè gba lílo ẹ̀rọ agégi nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe nínú igbó wọ̀nyẹn ń lo àáké àti ayùn ọwọ́ títí dòní. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó níbẹ̀, ìyẹn Forest Service, ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí àáké ní 1999, tí wọ́n pè ní An Ax to Grind, kì í ṣe pé wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ lọ ra àáké olówó gọbọi. Bí a ṣe ń yan èèkù, bí a ṣe ń ki í bọ ihò, bí a ṣe ń fi fáìlì tún ẹnu ṣe, ohun tí wọ́n fi kọ́ni nìyẹn. Ẹni tó ń fi àáké jẹun kò gbára lé ẹnu tí ilé iṣẹ́ pọ́n fún un. Kí ló dé tí ẹni tó ń lọ pàgọ́ fún òpin ọ̀sẹ̀ yóò fi gbára lé e?

Èèkù pẹ̀lú ní àtúnṣe tirẹ̀. Fáníìṣì tó ń dán yẹn máa ń mú kí ọwọ́ lé ròrò, torí náà kí a fi ọ̀bẹ tàbí pépà oníyanrìn ha á kúrò, kí a wá fi òróró linseed pa igi náà léraléra títí yóò fi mu ún yó. Bí orí bá mì díẹ̀, kí a tún igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi há a gbá wọlé. Kì í ṣe kí a rì í sínú omi: igi tó mu omi á wú, irin á fún un pọ̀, tó bá sì gbẹ tán, á mì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó wá ku àwọn ohun tí fáìlì kò lè tún ṣe. Èkínní nínú wọn ni iná tí irin gbà. Orí àáké gbọ́dọ̀ gbóná, kí wọ́n tì í bọ inú omi tàbí òróró kó le, kí wọ́n sì tún mú un gbóná níwọ̀nba, kí líle náà má baà sọ ọ́ di ohun tó ń ya bí àwo. Ẹnu àáké tó dára sábà máa ń wà láàárín 50 sí 58 lórí ìwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Rockwell C, fáìlì tuntun sì ju 60 lọ. Nítorí náà, fáìlì ni adájọ́ wa. Bí ẹ bá fà á kọjá lórí ẹnu àáké, ó yẹ kó jẹ irin, ṣùgbọ́n kó jẹ ẹ́ pẹ̀lú agídí. Bó bá ń yọ̀ kọjá láìjẹ rárá, ẹnu náà le jù, yóò máa ya. Bó bá ń jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀, bí ẹni ń fá òjé, irin náà rọ̀, kò sì ní di ẹnu mú kọjá ìdáná ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ tètè ṣe ìdánwò yìí nígbà tí ìwé owó ṣì wà lọ́wọ́, kí ẹ lè dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sára ọjà pé wọ́n rọ orí rẹ̀ ni, pé wọn kò dà á, kò tó. Ó dára kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa iná.

Ìyókù, ojú ló ń rí i. Ẹ di àáké mú kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ fi ojú kan wò ó láti ìdí èèkù: ẹnu àti èèkù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá lu ihò lọ́nà wíwọ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò bóyá ó ti sán. Ẹ yí ìdí èèkù sójú, kí ẹ wo àwọn ìlà inú igi: ó yẹ kí wọ́n tò láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ẹnu àáké ṣe kọjú sí, kí wọ́n má dábùú. Ìlà tó dábùú, tàbí èyí tó ya kúrò lára èèkù ní àárín, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Èèkù tí wọ́n kun lọ́dà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì kàn mú èyí tó wà lókè, ẹ tú gbogbo wọn wò. Lára ọjà olówó pọ́ọ́kú, ẹyọ kan lè dára gan-an kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má ní láárí, nítorí kò sí ẹni tó ṣà wọ́n kó tó dé orí àtẹ. Iṣẹ́ ìṣàyàn tí ilé iṣẹ́ ọ̀wọ́n ń gbowó fún gan-an ni ẹ ń ṣe yẹn.

Fún ẹni tó wà nílé, ní Ìbàdàn tàbí Ìṣẹ́yìn, kò dìgbà tó bá ránṣẹ́ sókè òkun. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àáké, àwọn kan sì máa ń fojú kékeré wò ó nítorí pé ara pàǹtí ló ti wá. Wọn kò mọ̀ pé irin tí Council Tool fi ń ṣe Velvicut olówó gọbọi yẹn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 5160, irin sípíríǹgì ni. Ìdílé irin kan náà ni wọ́n ti fi ń ṣe sípíríǹgì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tipẹ́. Kábọ̀nù inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìwọ̀n tó tọ́ fún àáké gan-an. Ewu kan wà ńbẹ̀: sípíríǹgì tó ti gbé ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti sán láti inú, kí ojú má sì rí i. Kí olùrajà bi alágbẹ̀dẹ léèrè ibi tó ti gé irin rẹ̀, kó sì bèèrè bóyá ó tì í bọ omi tàbí òróró lẹ́yìn tó rọ ọ́ tán. Àáké ìbílẹ̀ wa tún ní àǹfààní kan tí ti Yúróòpù kò ní. Tiwọn, èèkù ló ń gba inú ihò irin kọjá, tí wọ́n á fi igi há láti òkè. Tiwa, ìrù irin ló ń gba inú kókó orí èèkù kọjá, tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣe ń gégi ni irin ń há sí i. Èèkù náà lè là tó bá yá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àdá lè gbẹ́ òmíràn láti ara igi tó ní kókó láàárín wákàtí díẹ̀, láìsí pé ó wá ihò tó bá ìwọ̀n mu.

Àwọn kan á ní kí la tún ń gbẹ́ igi fún nígbà tí èèkù oníke wà. Fiskars, ilé iṣẹ́ Finland tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1649, ń ta àáké tí wọ́n mọ èèkù rẹ̀ mọ́ orí láti ara ike tí wọ́n fi fọ́nrán dígí kún. Orí rẹ̀ kì í yọ, òjò kì í ṣe é ní nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú láti ilé iṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo gbà pé fún ẹni tí kò ní lo àáké ju ẹ̀ẹ̀kan sí méjì lọ lọ́dún, tí kò sì fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì, òun gan-an ló yẹ kó rà. Ṣùgbọ́n tí èèkù náà bá fi lè kán nínú igbó, àáké ti tán nìyẹn, nítorí kò sí igi tí ẹ lè gbẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọgbọ́n inú igbó ń kọ́ láti gbára lé ohun tó lè tún ṣe. Ti Estwing, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Rockford ní Illinois láti 1923, irin kan ṣoṣo ni láti orí dé ìdí. Kò ṣeé kán, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ nígbà tí a bá ń gégi ló ń bọ̀ sínú apá, ìwúwo rẹ̀ sì wà nínú èèkù níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ.

Àtakò mìíràn tún wà tó lágbára jù ú lọ: kí ló dé tí a ò kúkú ra àdá, tàbí ayùn kékeré? Nínú igbó ilẹ̀ wa, mo fara mọ́ ọn. Ìtàkùn, koríko àti ẹ̀ka tútù ló pọ̀ níbẹ̀, àdá ló sì wà fún ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ pàgọ́ ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, kó ra àdá ná, kó tó ro ti àáké. Ayùn náà máa ń gé igi yára ju àáké lọ, ó sì dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ sí i. Ohun tí méjèèjì kò lè ṣe dáadáa ni kí wọ́n la ìtì igi nípọn sí méjì. Níbi tí òtútù bá wà, tí igi gbígbẹ sì jẹ́ inú igi, àáké kò ní àrọ́pò.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà tún ní ọ̀nà kẹta, ìyẹn àáké àlòkù. Àwọn orí tí ilé iṣẹ́ Elwell rọ ní Wednesbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí èyí tí Collins, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Connecticut ní 1826, ṣe kó tó kógbá sílé, ṣì ń jáde ní ọjà àlòkù lówó tí kò tó nǹkan. Ìpẹtà ojú lásán kì í ṣe àbùkù. Ẹ sá fún èyí tí ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀ ní kòtò kòtò, èyí tí wọ́n ti fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi tẹ́, àti èyí tí ẹnu rẹ̀ ti di búlúù. Kí ẹ sì rántí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 tó ka gbígbé irin olójú mímú kiri ní gbangba láìnídìí sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí àáké wà nínú àkọ̀, kí àkọ̀ wà nínú àpò, kó sì jẹ́ ọjọ́ ìpàgọ́ ni ẹ ń gbé e.

Ìbéèrè tó kù ni ti àkókò. Wọ́n á ní àkókò tí èèyàn fi ń fá ẹnu àáké náà owó ni, pé tí a bá ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ọjà, àáké ọ̀wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti pọ́ọ́kú dọ́gba. Ìṣirò yẹn á tọ̀nà tó bá jẹ́ pé ẹnu àáké ọ̀wọ́n kì í kú. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá kan òkúta tàbí iyanrìn lábẹ́ ìtì igi, ti Gränsfors náà á ní eyín, olówó rẹ̀ á sì nílò fáìlì bíi ti ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé kò tíì fọwọ́ kan fáìlì rí, orí irin tó ná an lówó rẹpẹtẹ ni yóò ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà ni kì í sì í jẹ́ kí àwọn kan pọ́n tiwọn rárá. Wọ́n á máa fi ẹnu tó ti kú gégi, èyí tó léwu jù lọ, nítorí ẹnu tó kú kì í wọ igi, ara igi ló ti ń ta sí ẹsẹ̀. Ẹni tó ra ti pọ́ọ́kú ti kọ́ iṣẹ́ náà nílé kó tó dé inú igbó, lórí irin tí kò ní dùn ún púpọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì í. Àkókò tó lò kì í ṣe àfikún owó. Gbogbo ẹni tó bá ní àáké ni yóò san án lọ́jọ́ kan.